Ṣé kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí n máa dá gìtá ta?

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta sì tún ní ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan tí a máa ń pàdé ní Kàbà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń fi YouTube kọ́ sólò. Mo ti lè ta "Eruption" ti Van Halen dópin, mo sì ti ń bá orin Malmsteen, onígìtá tó ń yára bí iná, jìjàkadì. Àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé mò ń bo olórin wa mọ́lẹ̀, ìjà kì í sì í tán láàárín èmi àti ẹni tó ń lu jáàsì. Ìbátan mi kan tó wà l'Ábújá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, kí n ta amp mi (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè), kí n fi owó rẹ̀ ra ohun tí wọ́n fi ń gba orin sínú kọ̀ǹpútà, kí n sì máa dá ta lórí orin tí ẹ̀rọ bá ń gbé lẹ́yìn mi. Orin ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò fún mi láyè láti fi ọwọ́ mi hàn. Kí ni kí n ṣe? Láàárín Jimi Hendrix àti Keith Richards, ta ló tilẹ̀ mọ gìtá jù?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Mo kí àwọn ará ilé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìkẹyìn kúrò nílẹ̀. Hendrix ni. Bí a bá ní kí àwọn méjèèjì wọ yàrá kan kí kálukú dá ta, n kò rò pé Keith Richards fúnra rẹ̀ máa jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi owó ra àwo èyíkéyìí nínú wọn nítorí ìdíje inú yàrá. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dà ọ́ láàmú, òun ló bí gbogbo ìyókù.

O ní o ti ta "Eruption" dópin. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, mo kan sáárá sí ọ. Àmọ́ padà lọ gbọ́ ọ nínú àwo fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí fídíò ẹni tó ń kọ́ni. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 42 ni gbogbo rẹ̀. Ìlù ló ṣí i: Alex, ẹ̀gbọ́n Eddie Van Halen tó ta gìtá náà, ló lù ú, béèsì sì bá a fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí gìtá tó wá dá wà. Kò sì parí síbẹ̀. Nínú àwo ọdún 1978 yẹn, bí sólò náà ṣe ń kú lọ ni gbogbo ẹgbẹ́ bẹ́ sínú "You Really Got Me", orin tí àwọn Kinks ti gbé jáde lọ́dún 1964. Ẹnu ọ̀nà orin mìíràn ni wọ́n gbé "Eruption" sí. Àwọn tó ń kọ́ ọ lórí YouTube ti gé orí rẹ̀, wọ́n ti gé ìrù rẹ̀, àárín nìkan ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́, ìwọ náà sì gbà pé òun ni gbogbo ẹran.

Ohun kan tún wà nípa àwọn ọmọ ìyá méjì yìí tí n kì í jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu mi kí n tó sọ fún ẹni tó bá ń kọ́ gìtá. Amsterdam ni wọ́n bí wọn sí, ìdílé wọn kó lọ sí Califọ́níà lọ́dún 1962. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rọ́ọ̀kì, Eddie ló ń lu ìlù, Alex ló ń ta gìtá. Eddie a máa pín ìwé ìròyìn kiri àdúgbò láti fi san owó ìlù rẹ̀. Bó bá ti jáde báyìí, Alex á jókòó sídìí ìlù náà, títí ó fi mọ̀ ọ́n lù ju ẹni tó ni ín lọ. Ni wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀. Nítorí náà, ọmọ onílù ni akọni tí ò ń wò yẹn. Ibi tí ìka rẹ̀ ń bọ́ sí, ibi tí onílù máa fi ọ̀pá lù ni. Ìyára yẹn, ẹlòmíràn lè rí i kọ́ láàárín oṣù mélòó kan. Ibi tó ń bọ́ sí ni wọn kì í rí kọ́, torí kì í hàn lójú fídíò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìjà. O kọ ọ́ bí ẹni pé ìjà yín fi hàn pé ẹgbẹ́ yín kò bára mu. N kò gbà. Cream, ẹgbẹ́ Eric Clapton, Jack Bruce àti Ginger Baker, kò lò tó ọdún mẹ́ta, láti 1966 sí 1968. Bruce tó ń ta béèsì àti Baker tó ń lu ìlù kò fẹ́ràn ara wọn rárá. Wọ́n ti ń jà látinú ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wà kí Cream tó dé. Síbẹ̀, bí ìlù bá ti dún, ohun tí àwọn mẹ́ta yẹn ń ṣe kò ṣeé já sí méjì. Ìfẹ́ àti ọ̀rẹ́ dára o, mo tilẹ̀ gbà ọ́ níyànjú pé kí o bẹ onílù yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú orin dùn. Mo ti gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń gbàdúrà, tí orin wọn kò sì ṣeé gbọ́ tán.

(Baker yìí kan náà ló wa ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà, tó bá Fẹlá lu ìlù, tó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Èkó. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta tó bá a ṣe ẹgbẹ́ Salt ló padà di BLO: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Wá àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One ti ọdún 1973. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ń ta rọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ BLO, ojú ni mo fi ń wò ó.)

Bí kì í bá ṣe ọ̀rẹ́, kí ló wá ń mú ẹgbẹ́ kan dùn, tí ti ẹlòmíràn fi dà bí èrò mẹ́rin tó wọ mọ́tò kan náà ní gáréèjì Kàbà tí kálukú wọn ń lọ sí ìlú ọ̀tọ̀? Èmi ò mọ ìdáhùn mìíràn ju èyí lọ: ibi tí gbogbo yín jọ gbà pé ìlù ń bọ́ sí. Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ wọn síwájú ìlù díẹ̀, àwọn kan a máa fà sẹ́yìn. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá ti mọ ẹni tó ń sáré àti ẹni tó ń fà, tí ẹ sì ti gbà á bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ jáde, orin yín máa ń rìn. Bí ẹ kò bá gbà á, ìwọ ìbá à mọ gìtá ta bí àǹjọ̀nú, ńṣe ni yóò máa dún bí ìjà.

Ibẹ̀ ni Keith Richards ti di olúwa rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, onílù ni gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé. Bill Wyman, tó ta béèsì fún Rolling Stones fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣàlàyé pé tiwọn yàtọ̀: Charlie Watts onílù ló ń tẹ̀ lé gìtá Keith. Ìlù á wá fi ìdákẹ́ kékeré kan rẹ̀yìn gìtá, òun Wyman ní tirẹ̀ a sì máa fi béèsì ṣíwájú díẹ̀. Kékeré gan-an ni o, etí tí kò bá fara balẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó ń mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú orin wọn, àárín àwọn mẹ́ta yẹn ló ti ń wá. Wá wo gìtá tó fi ń ṣe é: Keith a máa yọ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, kúrò pátápátá, á yí márùn-ún tó kù sí kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tó jọ ń dún pọ̀) G kan ṣoṣo, ó tán. Okùn márùn-ún, kọ́ọ̀dù mélòó kan, àti àlàfo. Gbọ́ "Honky Tonk Women" ti ọdún 1969, kí o ka iye ìgbà tí gìtá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí ìlù ń lọ. Lẹ́yìn náà, ka iye ìgbà tí gìtá tìrẹ ń dákẹ́ nínú orin kan. Mo lè ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tí o máa bá.

Hendrix ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ rò pé láti ọ̀run ló ti gbé sólò wá. Kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn ló wà tó ń ta gìtá; Little Richard àti Isley Brothers wà lára wọn. Iṣẹ́ ẹ̀yìn nìyẹn, kọ́ọ̀dù àti ìlù ni, bí o bá sì jáde síwájú ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á lé ọ. Nígbà tó di ti ara rẹ̀ ní London lọ́dún 1966, Noel Redding, ẹni tó wá wá iṣẹ́ onígìtá, ni wọ́n fi béèsì lé lọ́wọ́, wọ́n sì mú Mitch Mitchell sí ìlù, ẹni tí etí rẹ̀ ti gba jáàsì dáadáa. Jáàsì tí mò ń wí yìí ni orin jáàsì gan-an, kì í ṣe ìlù òyìnbó tí àwa ń pè bẹ́ẹ̀ nílé. Mitchell kì í jókòó jẹ́ẹ́ kí Hendrix máa ṣe fàájì lórí rẹ̀. Bí Hendrix bá dá gbólóhùn kan, òun náà á fèsì. Gbọ́ "Little Wing" ti ọdún 1967, orin tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àtàǹpàkò Hendrix wà lórí okùn tó nípọn, ó ń fi ta béèsì, ìka yòókù ń ta kọ́ọ̀dù, wọ́n sì tún ń fi ìlà orin wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ sáàárín. Ta ló ń ta rídìmù, gìtá ẹ̀yìn, níbẹ̀? Ta ló ń ta líídì, gìtá iwájú? Kò sí ibi tí o lè fi ọ̀bẹ gé e sí. Bí o bá fẹ́ kọ́ ohun kan lọ́wọ́ Hendrix, má fi eyín gé okùn gìtá o, àtàǹpàkò yẹn ni kí o kọ́.

Má ṣe jẹ́ kó dà bí ẹni pé ìlú òyìnbó nìkan ni ẹ̀rí wà. Gbé àwo Juju Music ti King Sunny Adé sílẹ̀, ti ọdún 1982. Gìtá tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ dáadáa, Demola Adepoju sì tún wà lórí gìtá onírin tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta. Mú ìlà gìtá kan ṣoṣo nínú wọn kí o dá a ta nílé: á dà bí ohun tí ọmọ kékeré ń fi ṣeré, ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń yí po. Fi èkejì sí i, kí o fi gángan sí i, ìdí rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí mì kí o tó mọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama St. Gregory's l'Ékòó tó ń jẹ́ Ofege gbé àwo rọ́ọ̀kì wọn jáde lọ́dún 1973, Try and Love. O lè kọ́ sólò inú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Títí dòní, àwọn ènìyàn ṣì ń wá àwo náà kiri ayé.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún ìbátan rẹ tó wà l'Ábújá. Ọ̀nà tó ń wí kì í ṣe ọ̀nà òfo. Joe Satriani onígìtá ṣe àwo Surfing with the Alien lọ́dún 1987. Púpọ̀ nínú ìlù ibẹ̀, ẹ̀rọ ló lù ú, Satriani fúnra rẹ̀ ló sì ta púpọ̀ nínú béèsì rẹ̀. Kò sí olórin kankan nínú rẹ̀. Àwo náà tà gan-an, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ kíyè sí ohun tó ṣe: ó kọ orin tí ènìyàn lè fi ẹnu kọ láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Bí o bá gbọ́ "Always with Me, Always with You" lẹ́ẹ̀mejì, o ti lè máa hùn ún létí odò. Satriani kò sá fún ẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ di ẹgbẹ́, ó di olórin, ó di onílù, ó di ẹni tó ń pinnu ibi tí gìtá ti máa dákẹ́. Bí o bá máa dá ṣe é, iṣẹ́ ẹni mẹ́rin ló ń dúró dè ọ́, kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ti Malmsteen, ọwọ́ ọkùnrin náà kò láfiwé, Rising Force tó ṣe lọ́dún 1984 ló sọ ọ̀pọ̀ onígìtá di ọmọ ilé-ìwé padà. Mo máa ń gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì máa ń pa á. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Etí tèmi ló ń wá ẹni tí yóò dá a lóhùn, tí kò rí i.

Bí o bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń gbé ẹni tó wà níwájú, wo ẹgbẹ́ Led Zeppelin. John Bonham, onílù wọn, kú ní September 1980. Jimmy Page, onígìtá wọn, ṣì ní ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, orúkọ ẹgbẹ́ ṣì lè kó owó wọlé bí òjò. Nígbà tó di December ọdún náà, wọ́n kéde pé ó tán. Àwọn onílù tó mọṣẹ́ kún ìlú London nígbà yẹn, wọn kò sì mú ìkankan nínú wọn.

Nísinsìnyí, ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà rẹ: o ní orin ṣọ́ọ̀ṣì kò fún ọ láyè. Àbúrò, ronú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó ń darí orin ìyìn kò sọ orin tó kàn fún ẹnikẹ́ni. Bí Ẹ̀mí bá ti gbé e, á gbé ohùn sókè láìkìlọ̀, onítẹ̀-bọ́ọ̀dù á wá kíì náà (ohùn tí orin dúró lé) kiri fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, á rí i, onílù á ti gbọ́ pé orin ń yára, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ìwọ náà á sì rí i pé ọwọ́ rẹ ti bọ́ sí kọ́ọ̀dù tó yẹ kí o tó ronú. Kò sẹ́ni tó ka "ení, èjì". Kò sẹ́ni tó wo ìwé. Láàárín orin méjì, ìyá àgbà kan níwájú lè dá orin Yàgbà àtijọ́ kan tí ìwọ kò gbọ́ rí, ẹ ó sì bá a gbè é dópin. Mo mọ àwọn onígìtá tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú yàrá pẹ̀lú metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, tí irú ìyẹn máa pa bí ọwọ́ ìjà. Ohun tí ẹ̀rọ Ábújá yẹn kò lè kọ́ ọ láé nìyẹn, torí ẹ̀rọ kì í gbọ́. Ó máa gbé orin náà lọ bó ṣe gbé e lánàá, o ta dáadáa o, o kò ta dáadáa o.

Kí o wá ṣe báyìí. Nígbà ìdánrawò yín tó ń bọ̀, má ta sólò kankan. Má sọ ìdí fún wọn. Okùn méjì tàbí mẹ́ta ni kí o fi ta kọ́ọ̀dù, kí o sì yí distortion (èyí tó ń mú ohùn gìtá há) wálẹ̀ dé ibi tí o ti lè gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Ní àkọ́kọ́ orin, jẹ́ kí onílù àti oníbéèsì dá lọ títí tí o fi mọ ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sí, lẹ́yìn náà ni kí o wọlé. Gbé fóònù sẹ́bàá ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kí o gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá délé, má gbọ́ gìtá rẹ. Ẹsẹ̀ onílù àti béèsì nìkan ni kí o máa gbọ́. Bí wọ́n bá jọ ń bọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ yín ní ìpìlẹ̀, ìjà tí ẹ ń jà kì í ṣe ti orin. Bí wọn kò bá jọ bọ́, ẹjọ́ tí wọ́n ń rò mọ́ ọ kì í ṣe tìrẹ nìkan.

Ní ti bíbo olórin yín mọ́lẹ̀, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mo sì lè sọ bẹ́ẹ̀ láì tíì gbọ́ yín. Gìtá oníná àti ohùn ènìyàn, àárín kan náà ni agbára àwọn méjèèjì pọ̀ sí, pàápàá nínú gbọ̀ngàn onípáànù tí ohùn ń ta padà láti gbogbo igun. Bí ó bá ń kọrin, lọ sókè pátá tàbí kí o wá sílẹ̀ pátá, tàbí kí o kúkú dúró dè é kó mí. Ibi tó ti ń mí ni tìrẹ. Gbogbo onígìtá tí o mẹ́nu bà nínú lẹ́tà rẹ ló mọ èyí, Malmsteen pàápàá mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ní olórin. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí o kò bi mí: bí ọyẹ́ bá dé, ọrùn gìtá máa ń gbẹ, á sì yí lọ díẹ̀díẹ̀, tún okùn wò láàárín orin sí orin, torí ìdajì ohun tí wọ́n ń pè ní "o kò bá wa mu" nínú December àti January, ọyẹ́ ló fà á.

Má ta amp. Ohun tí wọ́n fi ń gba gìtá sínú kọ̀ǹpútà dára, mo ní ọ̀kan, kì í sì í wọ́n tó bí ìbátan rẹ ṣe rò bí o bá ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Dá owó rẹ̀ jọ látinú ohun tí wọ́n ń fún ọ níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n amp tí o bá tà lónìí, o kò ní rí owó rẹ̀ rà padà, láìsí amp o kò sì ní lè wọ gbọ̀ngàn kankan mọ́, ìyẹn ni pé Ábújá ti bá ọ ṣe ìpinnu kí o tó ṣe é fúnra rẹ. Gba orin tìrẹ sílẹ̀ lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, kí o sì wọ mọ́tò lọ sí Kàbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń retí rẹ.

Bí ẹ bá ti gba ìdánrawò mẹ́ta sílẹ̀, fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó burú jù ni kí o fi ránṣẹ́ o, kì í ṣe èyí tó dùn jù. Inú èyí tó burú ni mo ti máa mọ ẹni tó ń sáré nínú yín.